Ẹni Tó Kọ́kọ́ Sọ̀rọ̀ Lórí Rédíò

Ìwé ojú ewé méjì ni Máníjà fi lé Ẹnu-Abẹ lọ́wọ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Kò tíì ka ìlà kẹta tán tó fi bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ọ̀hún kì í ṣe kékeré, ẹ̀rín tó ń mú èèyàn di ògiri mú ni. Máníjà dúró, ó ń wò ó bí ẹni tí ewúrẹ́ kí pé ẹ káàárọ̀.

"Kí ló pa ọ́ lẹ́rìn-ín nínú ìtàn ilé iṣẹ́ wa?"

"Ọ̀gá, ìtàn ọ̀hún dáa. Irọ́ inú ẹ̀ nìkan ló pọ̀ díẹ̀."

Bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn, òun ló sì fà á tí wọ́n fi ń pè é ní Ẹnu-Abẹ láti ọdún mẹ́rìndínlógún tó ti ń kéde ètò àárọ̀ níbẹ̀. Rédíò AM ni, rédíò ìlú kékeré, ilé ilẹ̀ tó ní yàrá márùn-ún, tí òpó irin gíga kan dúró tì lẹ́yìn bí ọdẹ tí oorun ń kùn. Lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, ilé iṣẹ́ náà máa pé ogójì ọdún. Ẹnu-Abẹ ni wọ́n ní kó ka ìtàn rẹ̀ sétí gbogbo ayé láago mẹ́sàn-án àárọ̀. Ìlà kẹta ìtàn náà sì sọ pé: "Ohùn tó kọ́kọ́ jáde lórí rédíò yìí ni ohùn Ọ̀gá Àgbà, máníjà wa àkọ́kọ́, láago méje àárọ̀ ọjọ́ Ajé."

Ọ̀gá Àgbà ọ̀hún ṣì wà láyé. Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún ni, etí rẹ̀ ń gbọ́, ojú rẹ̀ ń ríran, òun sì tún ni bàbá tó bí ìyàwó Máníjà. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ní eegun nìyẹn.

Nílé Ẹnu-Abẹ, ìtàn mìíràn ni wọ́n ń sọ. Ìyá rẹ̀ ni olùgbálẹ̀ àkọ́kọ́ ní ilé iṣẹ́ náà, ó sì ti pé ogójì ọdún tí ìyá náà ti ń sọ pé òun lòun kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lórí rédíò. Ó ní láàárọ̀ kùtù ọjọ́ Àìkú, tó ku ọ̀la kí wọ́n ṣí ilé iṣẹ́, òun lọ nu yàrá ìkéde kó lè máa dán. Òun rí iná pupa kan tó ń tàn lókè ilẹ̀kùn. Òun rò pé wọ́n fi ṣe yàrá lọ́ṣọ̀ọ́ ni. Òun nu máìkì, òun fọwọ́ gbá a lórí lẹ́ẹ̀mẹta kí eruku lè jáde, òun sì bi í pé, "Ṣé ìwọ yìí lo fẹ́ máa bá gbogbo ayé sọ̀rọ̀, ìwọ tórí ẹ rí bí ìdí ìkòkò?" Lẹ́yìn náà òun mú ìgbálẹ̀, òun ń kọrin, òun ń gbálẹ̀ lọ. Àfi lọ́jọ́ Ajé tí iná pupa yẹn tún tàn, tí gbogbo àwọn ọ̀gá pa ẹnu mọ́ bí ẹni tí iṣu gbígbóná há lọ́fun. Ẹnì kan wá rọra sọ sí òun létí pé bí iná yẹn bá ti ń tàn, gbogbo ohun téèyàn bá sọ ti bọ́ sínú afẹ́fẹ́ nìyẹn. Ìyá ní ìgbà yẹn lòun tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òun ti ṣáájú tọ̀gá jáde.

Wọ́n fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi di ohun èlò ilé. Bí ọkọ rẹ̀, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere, bá ń wá iyọ̀ lórí tábìlì, á ní, "Akéde àkọ́kọ́, ẹ bá wa kéde iyọ̀." Ẹ̀rín yẹn ni Ẹnu-Abẹ rín dàgbà. Ta ló sì máa jẹ́rìí gbe ìyá? Ta ló ń yí rédíò sí ibi tí kò tíì sí nǹkan kan?

Ẹnu-Abẹ sọ gbogbo rẹ̀ fún Máníjà, ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́. Máníjà kò rẹ́rìn-ín.

"Ṣé kí n wá kọ ọ́ sínú ìtàn pé ìgbálẹ̀ ló ṣí rédíò?"

"Ọ̀gá, ṣé kì í ṣe ìgbálẹ̀ ló máa ń ṣáájú àlejò ni?"

"Tóo. Mú ẹ̀rí wá kó tó di ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì. Bí kò bá sí ẹ̀rí, ohun tí mo kọ lo máa kà, bí mo ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Ẹnu-Abẹ gba ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ lọ, ó tún sọ ọ́ fún un gẹ́gẹ́ bí ẹ̀fẹ̀. Ìyá ń ká aṣọ tó ti gbẹ. Ó ká ọ̀kan tán kó tó dáhùn.

"Ìwọ ni wọ́n ní kó kà á?"

"Èmi ni, Màámi."

"Ẹnu tó mu ọmú mi ni wọ́n fẹ́ fi sọ mí dòpùrọ́." Ó ká òmíràn. "Mo lè fara dà á kí ará ìta máa fi mí rẹ́rìn-ín. Bàbá ẹ fi mí rẹ́rìn-ín, mo sì ń bu oúnjẹ fún un. Ṣùgbọ́n bó o bá ka ìlà yẹn lọ́jọ́ Sátidé, màá pa rédíò mi. Mi ò sì ní tàn án mọ́ títí màá fi kú."

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Ẹnu-Abẹ. Láti ọdún mẹ́rìndínlógún yìí, ìyá yìí kò pa ètò rẹ̀ jẹ lọ́jọ́ kan. Bí ètò bá ti parí, á pè é láti sọ fún un pé ó sáré ka ìròyìn bí ẹni tí ajá ń lé, tàbí pé ó mí sínú máìkì. Akéde tí ìyá rẹ̀ kò bá gbọ́ mọ́, ta ló tún kù tó ń bá sọ̀rọ̀?

"Màámi, ṣé lóòótọ́ ni?"

Ìyá gbé ojú sókè. "Ogójì ọdún rèé. Ìwọ lẹni àkọ́kọ́ tó máa bi mí láìrẹ́rìn-ín. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ máa lé e bá."

"Ogún ọdún ti di ogójì, Màámi. Òótọ́ tiyín ń rìn bí ìgbín."

"Á dé ibi tó ń lọ. Ìgbín kì í ṣubú."

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Ẹnu-Abẹ ti ara rẹ̀ mọ́ yàrá téèpù. Nílé iṣẹ́ yẹn, wọn kì í ju téèpù nù. Bí wọ́n bá ti lo ọ̀kan tán, wọ́n á gba ohùn tuntun lé ti àtijọ́ lórí, wọ́n á sì lẹ bébà tuntun mọ́ bébà àtijọ́ lára. Nítorí náà, páálí téèpù kọ̀ọ̀kan nípọn bí ẹni tó wọ ẹ̀wù mẹ́fà nígbà òtútù. Ó rí téèpù kan tó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí fi ọ̀bẹ kékeré ṣí bébà ara rẹ̀. Tòkè pátápátá ni "Bí A Ṣe Ń Sin Ehoro, Apá Kejìlá." Lábẹ́ rẹ̀ ni bọ́ọ̀lù tí àwọn olùkọ́ àti àwọn panápaná gbá. Lábẹ́ ìyẹn ni ìkìlọ̀ lórí omi ẹ̀rọ. Ó ṣí i, ó ṣí i, títí ó fi kan bébà ìsàlẹ̀ pátápátá, tí wọ́n fi lẹ́tà ńlá kọ nǹkan sí: "ÌṢÍDE ILÉ IṢẸ́. ẸNIKẸ́NI KÒ GBỌDỌ̀ FỌWỌ́ KÀN ÁN."

Èèyàn mẹ́fà ló ti fọwọ́ kàn án. Bó ṣe tan téèpù náà, ohùn ọkùnrin kan ń kìlọ̀ fún un pé a kì í fi etí gbé ehoro. Ó jókòó sílẹ̀ láàárín àwọn bébà, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, nítorí pé ìtàn gbogbo ilé iṣẹ́ ti di ehoro.

Ẹnì kan ló kù. Bàbá Wáyà, tó jẹ́ onímọ̀ ẹ̀rọ àkọ́kọ́ níbẹ̀, ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn tó fẹ̀ kò jìnnà, ilé rẹ̀ kò ju ìṣísẹ̀ ọgọ́rùn-ún sí òpó rédíò. Lọ́jọ́rú, Ẹnu-Abẹ bá a nídìí tábìlì, àwọn rédíò tí wọ́n ti la ikùn wọn ló yí i ká.

"Ẹnu-Abẹ, ta lo tún fẹ́ gé?"

"Ẹ̀yin ni, Bàbá, bí ẹ ò bá sọ òótọ́. Lọ́jọ́ Àìkú tó ṣáájú ọjọ́ ìṣíde, ṣé ẹ..."

"Rárá."

"Mi ò tíì bi yín tán."

"Rárá náà ni."

"Mo fẹ́ bi yín bóyá ẹ jẹun lọ́jọ́ náà ni."

Bàbá Wáyà wò ó títí. Ó gbé irin gbígbóná tó fi ń jó òjé sílẹ̀, ó rọra nu ọwọ́. "Ọmọ yìí, o burú. Tilẹ̀kùn."

Ó ní wọ́n ti kìlọ̀ fún òun pé òun kò gbọdọ̀ tan ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn sáfẹ́fẹ́ kó tó di ọjọ́ Ajé. Ṣùgbọ́n gílóòbù ló kún inú ẹ̀rọ ọ̀hún, bí wọn kò bá sì gbóná dáadáa, wọ́n lè fọ́ lójú àwọn àlejò. Lálẹ́ Sátidé, òun yọ́ tàn án. Òun ní òun á pa á láago mẹ́rin ìdájí.

"Ẹ wá sùn lọ."

"Mo sùn lọ. Aago mẹ́fà kọjá kí n tó jí. Ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, máìkì wà ní ṣíṣí, ìyá ẹ sì ti gbálẹ̀ tán, ó ti lọ sílé."

"Ẹ wá jókòó ti irọ́ fún ogójì ọdún, ẹ jẹ́ kí bàbá mi máa fi ìyá mi béèrè iyọ̀."

"Wọn ì bá lé mi lọ. Lẹ́yìn náà ojú ń tì mí. Nísinsìnyí, wọ́n fẹ́ fún mi ní àwo ọlá lọ́jọ́ Sátidé. Ṣé o mọ ohun tí wọ́n kọ sára ẹ̀? 'Ẹni Tí Kò Ṣe Àṣìṣe Rí.'"

"Àyè ṣì wà lábẹ́ ẹ̀, Bàbá. Kí wọ́n fi 'àfi ẹ̀ẹ̀kan' sí i."

Bàbá Wáyà kọ́kọ́ fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló jáde. Ó fa dúróà kan yọ. Ó ní àwọn èèyàn kan wà lókè òkun tí wọ́n ń fi rédíò dẹ ilé iṣẹ́ tó jìnnà, bí apẹja ṣe ń fi ìwọ̀ dẹ ẹja. Ohùn AM máa ń rìn jìnnà kí oòrùn tó yọ. Bí wọ́n bá gbọ́ ọ, wọ́n á kọ ọjọ́, aago àti ohun tí wọ́n gbọ́ ránṣẹ́, wọ́n á ní kí ilé iṣẹ́ fọwọ́ sí káàdì fún àwọn pé lóòótọ́ ni. Òun fúnra òun ló ń dá wọn lóhùn nígbà náà, òun kò sì fi ẹnì kankan sílẹ̀, àfi ẹni àkọ́kọ́. Bí òun bá fọwọ́ sí tirẹ̀, òun ti fọwọ́ sí ẹ̀ṣẹ̀ ara òun nìyẹn.

Lẹ́tà náà ti pọ́n bí ewé gbígbẹ. Olùkọ́ orin kan ní erékùṣù kan ló kọ ọ́:

"Ẹ̀yin ará, ní ìdájí ọjọ́ Àìkú tó kọjá, mo gbọ́ yín fún ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Ìwé tí a fi ń mọ nọ́ńbà rédíò sọ pé ilé iṣẹ́ tuntun ń bọ̀ wá síbẹ̀, nítorí náà mo gbà pé ẹ̀yin ni. Nǹkan kan kọ́kọ́ dún gbà, gbà, gbà. Obìnrin kan wá sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bá èèyàn wí. Lẹ́yìn náà ó kọ orin tí kò ní ọ̀rọ̀ nínú, ohun èlò orin kan sì ń dún ṣáà, ṣáà tẹ̀ lé e. N kò mọ orúkọ ohun èlò náà, ṣùgbọ́n ẹni tó ń lò ó mọ̀ ọ́n lò. Mo kọ orin náà sílẹ̀ ní dò-rè-mì. Níbi tí mo fa ìlà sí, orin dúró, ọmọ ìkókó kan ké lẹ́ẹ̀mejì. Ètò yín dára gan-an. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọwọ́ sí káàdì fún mi."

Ẹnu-Abẹ rẹ́rìn-ín ìgbálẹ̀ tó di ohun èlò orin débi pé Bàbá Wáyà ní láti fún un lómi. Ìgbà tó wá ka ibi ọmọ ìkókó ni omi náà há a lọ́fun. Ìyá rẹ̀ kò dárúkọ ọmọ kankan rí. Ó ka àmì orin náà lábẹ́ ẹnu, sò sò mì, là sò mì, rè rè dò. Orin tí ìyá rẹ̀ fúnra rẹ̀ hun láti fi rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún ni, orin tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ lẹ́yìn àwọn méjèèjì. Ó ṣírò oṣù sórí ìka. Ọmọ oṣù mẹ́rin lòun nígbà yẹn. Bàbá Wáyà yọ̀ǹda lẹ́tà náà fún un, ṣùgbọ́n ó ní kó má dárúkọ òun.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, Máníjà ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì, ó fi nu òógùn díẹ̀ kó tó rántí pé ìwé ni.

"Ó ṣì ọjọ́ kọ."

"Ó ṣì ọjọ́ kọ, Ọ̀gá, ó wá ṣèèṣì kọ orin ìyá mi?"

"Ta ló mọ̀ pé orin ìyá ẹ ni? Ìwọ àti ìyá ẹ. A kì í mú ọmọ adìyẹ wá jẹ́rìí fún ìyá ẹ̀." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Bàbá ìyàwó mi á jókòó sínú yàrá yẹn. Ṣé o mọ bí ilé mi ṣe máa rí bí mo bá gba ipò àkọ́kọ́ lọ́wọ́ ẹ̀? Ohun tí mo kọ lo máa kà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, mi ò fẹ́ rí ẹ nídìí máìkì yẹn mọ́ lọ́jọ́ Ajé."

Ẹnu-Abẹ kò sọ ọ̀rọ̀ lẹ́tà fún ìyá rẹ̀. Bó bá sọ ọ́, wọ́n á ní òun lòun kọ́ ọ ní ohun tó máa sọ. Nígbà tí ìyá pè é láti béèrè ibi tí ọ̀rọ̀ dé, ó ní, "Ẹ ṣáà tan rédíò yín."

"Màá tàn án. Ìka mi á wà lórí ibi tí wọ́n ti ń pa á."

Láàárọ̀ Sátidé, Ọ̀gá Àgbà dé nínú kóòtù aláwọ̀ eérú, ó jókòó ti Ẹnu-Abẹ nínú yàrá ìkéde. Lẹ́yìn gíláàsì ni Máníjà àti Bàbá Wáyà dúró sí. Orin kan ń lọ lọ́wọ́, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin kí aago mẹ́sàn-án lù. Ẹnu-Abẹ fa lẹ́tà náà yọ, ó tẹ́ ẹ síwájú bàbá arúgbó náà.

"Bàbá, ẹ̀yin lọ̀gá níbí kí n tó mọ ìrìn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ka èyí."

Olùkọ́ orin ni Ọ̀gá Àgbà kó tó di ọ̀gá rédíò. Bó ṣe dé ibi àmì orin, ìka rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí lu tábìlì fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn gíláàsì, Máníjà ń ju apá bí ẹni tó ń lé adìyẹ kúrò nídìí àgbàdo. Iná pupa tàn.

Ẹnu-Abẹ kí gbogbo ìlú. Ó ka ìlà kìíní. Ó ka ìlà kejì. Ó wo ìlà kẹta, ó sì rí ìka ìyá rẹ̀ lórí bọ́tìnnì rédíò bí ẹni pé ìyá wà nínú yàrá. Ẹnu tí kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni rí kò yà.

"Dúró ná," ni Ọ̀gá Àgbà wí, ó fa máìkì sọ́dọ̀ ara rẹ̀. "Ta ló ń kọrin inú lẹ́tà yìí?"

"Ìyá mi ni, Bàbá. Olùgbálẹ̀ yín."

"Ṣé ó mọ̀ pé lẹ́tà yìí wà?"

"Kò mọ̀."

"Pè é."

Ìró fóònù kò dún ju ẹ̀ẹ̀kan lọ tí ìyá fi gbé e, gbogbo ìlú sì ń gbọ́. "O ka méjì, o dákẹ́. Ìka mi ń dùn mí o. Kí lo tún ń wá lórí fóònù?"

"Ìyá, èmi ni," ni Ọ̀gá Àgbà wí.

Ìyá mọ ohùn náà. "Ọ̀gá. Ẹ káàárọ̀ sà. Ṣé ẹ̀yin náà fẹ́ fi mí rẹ́rìn-ín ni?"

"Rárá. Mo fẹ́ kí ẹ kọ orin tí ẹ kọ lọ́jọ́ Àìkú yẹn."

Ìyá ní, "Mi ò lè kọ ọ́ láìgbálẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n mú ìgbálẹ̀."

Ṣáà, ṣáà bẹ̀rẹ̀. Ohùn ìyá ti rẹlẹ̀, ó ti ha díẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ ọ̀nà. Ìka Ọ̀gá Àgbà ń rìn lórí lẹ́tà bó ṣe ń kọrin, sò sò mì, là sò mì. Ẹnu-Abẹ kò lè wò ó. Máníjà ti gbàgbé apá rẹ̀ sókè. Ìka náà dé ibi tí ẹni tó kọ lẹ́tà fa ìlà sí, ìyá sì dákẹ́ gẹ́lẹ́ níbẹ̀.

"Kí ló dé tí ẹ dúró, Ìyá?"

"Ibi tí mo dúró sí lọ́jọ́ náà nìyẹn."

"Kí ló dá yín dúró?"

Bàbá Wáyà fi iwájú orí ti gíláàsì.

"Wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé ọmọ wá síbi iṣẹ́," ni ìyá wí nígbà tó yá.

"Èmi ni mo ṣe òfin yẹn."

"Mo mọ̀ sà. Ìdí tí mi ò fi sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni nìyẹn."

"Ẹ gbé ọmọ wá?"

"Ẹ̀yìn mi ló wà. Ó ké lẹ́ẹ̀mejì, mo dúró láti rẹ̀ ẹ́. Òun náà ló jókòó tì yín yẹn. Kò tíì dákẹ́ láti ọjọ́ náà."

Ọ̀gá Àgbà bú sẹ́rìn-ín, fìlà rẹ̀ bọ́ sórí tábìlì, kò sì wá a. Bàbá Wáyà ń gbá gíláàsì, ó ń nàka sí àyà ara rẹ̀, ó ń pariwo pé òun lòun tan ẹ̀rọ, òun lòun sùn lọ. Ọ̀gá Àgbà mú bírò, ó fa ìlà gbọọrọ lórí orúkọ ara rẹ̀, ó ti ìwé náà padà sọ́dọ̀ Ẹnu-Abẹ. Ó wo àna rẹ̀ lẹ́yìn gíláàsì. Máníjà rọra gbé apá sílẹ̀, ó mi orí bẹ́ẹ̀ ni, ó sì ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ fún.

"Kà á dáadáa," ni Ọ̀gá Àgbà wí.

"Ohùn tó kọ́kọ́ jáde lórí rédíò yìí," Ẹnu-Abẹ kà á, "ni ohùn ìyá tó ń gbálẹ̀ níbí. Ìkejì ni tèmi. Ìkẹta ni ti Bàbá tó jókòó tì mí yìí, ó pẹ́ dé ní odidi ọjọ́ kan."

"Ọjọ́ kan péré," ni Ọ̀gá Àgbà kùn sínú máìkì.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń jáde ni gbogbo rẹ̀ tún ń gba inú fóònù padà wọlé, ohùn lórí ohùn, ó ń hu bí ìjì, nítorí pé rédíò ìyá ń ké tantan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù.

"Màámi," ni Ẹnu-Abẹ wí, bó ṣe máa ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá pè wọlé láràárọ̀, "ẹ dín rédíò yín kù."

"Mi ò dín nǹkan kan kù," ni ìyá rẹ̀ dáhùn. "Tún un kà."